Ọ̀rọ̀ Tó Ju "Ẹ Lé E Lọ": Ẹgbẹ́ Òbí àti Oògùn Olóró Nílé-Ẹ̀kọ́

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹgbẹ́ òbí lè ṣe nígbà tí oògùn olóró bá wọ ọgbà iléèwé. Wọ́n fún mi ní wákàtí kan. N kò ní lò ó tán, torí mo mọ̀ pé inú ìsọ̀ ni àwọn ìyá mìíràn ti wá síbí, wọ́n sì fẹ́ padà síbẹ̀ kí ọjà tó tú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe rí ìpàdé òbí níbi gbogbo tí mo ti bá wọn jókòó. Owó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Owó ògiri ọgbà, owó ẹ̀rọ omi, owó àga, owó ayẹyẹ ìparí ọdún. Bí a bá ti dá a pé, a gbà pé ẹgbẹ́ ti ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ di ohun tí a ń fi sí abẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn", lásìkò tí ìdajì àwọn òbí ti dìde, tí akọ̀wé sì ti ń kó ìwé rẹ̀ sí báàgì. Bí ẹnì kan bá wá dárúkọ oògùn olóró níbẹ̀, ohùn kan á ti ẹ̀yìn wá: "Ẹ lé e lọ!" Gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, ìpàdé á sì túká.

Ìdájọ́ yẹn ni mo wá bá jà lónìí. Lílé ọmọ lọ rọrùn, ọ̀gá iléèwé kan ṣoṣo pẹ̀lú bírò kan lè ṣe é láìpe ìpàdé. Ohun tí ẹgbẹ́ òbí nìkan lè ṣe, tí ọ̀gá iléèwé kò lè ṣe, tí ọlọ́pàá kò lè ṣe, ni pé kí òbí mọ òbí, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ wọn lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tó. UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, àti NBS, ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ wa, ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láàárín ẹni ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ló ti lo oògùn olóró tàbí ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan péré. Ẹnì kan nínú méje nìyẹn. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ tiwa yìí, ló ga jù nínú gbogbo ẹkùn: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Èkó, ó jẹ́ 33. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó jẹ́ 23.

Ẹ dákun, ẹ má gbé nọ́ńbà yìí délé kí ẹ fi dẹ́rù ba ọmọ. Bí ọmọ bá gbọ́ pé gbogbo ayé ló ń mugbó, ohun tó máa rò ni pé òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà nínú kíláàsì wọ̀nyí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ló pọ̀ jù. Ìwádìí kan náà fi hàn pé, bí a bá da ọjọ́ orí gbogbo ẹni tó ń mugbó pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, nǹkan bí ọdún 19 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọdún tí ọmọ ṣì fi ń jẹun nínú ìkòkò yín yìí ni àyè tí ẹ ní. Ó tún fi hàn pé nínú ẹni márùn-ún tó lo oògùn lọ́dún náà, ẹnì kan ló ti di àìsàn sí lára. Mẹ́rin tó kù wà níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìtọ́jú ilé ṣì lè fà wọ́n padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí n kórìíra "ẹ lé e lọ".

Nígbà èwe tiwa, òórùn ló ń tú ẹni tó ń mugbó fó. Bàbá á kàn gbóòórùn aṣọ ọmọ, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń lò báyìí kò ní òórùn. Tramadol jẹ́ oògùn ìrora tí dókítà ń kọ fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Oníwọ̀n 50 àti 100 mílígíráàmù nìkan ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí. Bí ẹ bá rí páálí tí wọ́n kọ 225 tàbí 250 sí lára nínú àpò ṣòkòtò ọmọ, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé orí fífọ́ ni òun ń lò ó fún. Omi ikọ́ tó ní codeine náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù jáde tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń tà á láti ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ oògùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú. Owó rẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò tú. Colorado wà, tó jọ igbó lójú ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé kẹ́míkà ni wọ́n fọ́n sára ewé, tó lè gbé ọmọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. "Ice" wà, ìyẹn methamphetamine. Wọ́n ń ṣe igbó sínú kéèkì àti bísíkíìtì, wọ́n sì ń tà á níbi àríyá. Omi gọ́tà ńkọ́? Ẹ má rò pé omi ojú àgbàrá ni. Àpòpọ̀ ni: codeine, tramadol, igbó, ọtí, ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀, nínú ìgò ohun mímu aládùn tí ọmọ lè gbé wọ kíláàsì, tí olùkọ́ á sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Olamide gbé orin "Science Student" jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, òbí púpọ̀ ló jó sí i níbi ìnáwó láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń po oògùn pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ṣe é báyìí. Ká sọ pé olùkọ́ rí oògùn nínú báàgì ọmọ SS2 kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́tà ti jáde. Bàbá rẹ̀ á bú u, á nà án, á sì wá iléèwé mìíràn, bóyá èyí tó wà ní àdúgbò kejì tí kò béèrè ìdí tí ọmọ fi kúrò níbi tó wà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti jókòó sáàárín ogójì ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí tiwa ṣe ń lé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ń lé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa. Pàṣípààrọ̀ ni a ń ṣe. Ta ló ta oògùn náà fún un? A kò béèrè. Àwọn wo ni wọ́n jọ ń lò ó? Wọ́n ṣì wà ní kíláàsì, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sì rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n á fi tiwọn pamọ́ sí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lo àlòjù tó ṣubú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sáré pe olùkọ́. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sá lọ. Ìyẹn ló ń pa ọmọ.

N kò sọ pé kí iléèwé má níjàánu. Ọmọ tó bá ń ta á fún ọmọ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dán an wò, tàbí tó ti di bárakú sí lára, kò sí ohun tí ìta lè fún un tí ọgbà kò lè fún un ní èyí tó sàn jù.

Mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn òbí kan fún yín. Ìlú Atlanta, ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 1976. Tọkọtaya kan, Ronald àti Marsha Keith Schuchard, ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọbìnrin wọn tó pé ọdún 13. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọmọ ti ń ṣe fàájì, àwọn òbí sì ń wò wọ́n láti inú ilé. Nígbà tó yá, wọ́n kíyè sí i pé ojú àwọn ọmọ mìíràn kò rí bó ṣe yẹ. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wo inú koríko, wọ́n rí ìdí igbó tí àwọn ọmọ fà kù àti ìgò ọtí.

Ẹ wo ohun tí ìyá yìí ṣe. Kò pe ọlọ́pàá, kò sì lọ fi ẹjọ́ sùn níléèwé. Ó gbé fóònù, ó pe òbí gbogbo ọmọ tó wá síbi ìnáwó náà. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n ní ọmọ tàwọn kò lè ṣe irú rẹ̀. Àwọn kan gbọ́. Wọ́n jókòó pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó mọ̀, ìgbà náà ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ti mọra wọn dájú, ṣùgbọ́n òbí kò mọ òbí. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ sí àríyá, ó kàn máa ń sọ pé, "Màmá gbogbo wọn ti gbà, ẹ̀yin nìkan ló kù." Kò sí ìyá tó fẹ́ jẹ́ òun nìkan ló kù. Ni wọ́n bá jọ ṣe òfin kan náà: àkókò tí ọmọ gbọ́dọ̀ wọlé, kò sí àríyá nílé tí àgbà kò sí, kí òbí máa pe òbí láti wádìí. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yin nìkan ló kù" bá kú sí wọn lẹ́nu.

Lẹ́tà ni Schuchard kọ sí ọ̀gá àjọ ìwádìí oògùn olóró ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, dókítà Robert DuPont, tó fi jẹ́ pé ní ọdún 1979 àjọ náà tẹ ìwé tí ìyá yìí kọ fún àwọn òbí, wọ́n sì pín in kọjá mílíọ̀nù kan ẹ̀dà. Ẹgbẹ́ òbí irú rẹ̀ hù káàkiri Amẹ́ríkà. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún láàárín àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá fi hàn pé ní 1978, 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló mugbó láàárín oṣù kan. Ní 1992, ó ti bọ́ sí 12. Ẹgbẹ́ òbí nìkan kọ́ ló fà á, n kò sì ní purọ́ fún yín. Àmọ́ wọ́n wà níbẹ̀.

Ohun tó bà á jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀, ààfin ààrẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Nancy Reagan, ìyàwó ààrẹ, sọ ọ́ di àkọlé kan ṣoṣo: "Ṣáà sọ pé rárá." Láti 1983, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kíláàsì ní Los Angeles láti kọ́ àwọn ọmọ, ètò náà sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1990 síwájú, wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ tó ṣe kò tó nǹkan. Lẹ́yìn 1992, igbó mímu láàárín àwọn ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní tèmi, ọjọ́ tí àwọn òbí gba pátákó ìkéde dípò fóònù ni ọwọ́ wọn ti bọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé NDLEA, àjọ ìjọba wa tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ níléèwé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nìyẹn nínú ọdún.

Orílẹ̀-èdè Iceland tún lọ jìnnà ju àwọn òbí Amẹ́ríkà lọ. Òfin wọn ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ òbí. Òbí ń bá òbí fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n sì ń rìn káàkiri àdúgbò lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ láti sọ fún ọmọ tí wọ́n bá rí pé kó máa lọ sílé. Ìjọba náà fi owó sí eré ìdárayá àti orin kíkọ́. Ní 1998, 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 15 àti 16 ló ti mutí yó láàárín oṣù kan. Ní 2016, ó ti di 5.

Ẹ má sọ fún mi pé ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn. Àwa la ni òwe tó ní ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tó bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni òwe náà ti jáde. Lónìí, nílùú Ìbàdàn yìí, ọmọ wọ ọkọ̀ láti Mókọlá wá síléèwé ní Bódìjà, ẹni tó jókòó tì í kò mọ bàbá rẹ̀. Igba ojú yẹn kò sí níta mọ́ fún púpọ̀ nínú wa. Àwa ni a máa fọwọ́ ara wa tún un kó jọ, ibi tí a sì ti lè rí i ni ìwé orúkọ kíláàsì.

Torí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì. Ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ̀ta òbí wà kò lè ṣe é. Kí òbí SS1A, ogójì wọn, jókòó fún wákàtí kan láìsí ọ̀rọ̀ owó rárá, kí wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn, kí wọ́n mọ ojú ara wọn. Kí ó lè ṣeé ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan láti gbé fóònù:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Màmá Túndé. Bàbá Fẹ́mi ni. Fẹ́mi ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti ń kàwé."

"Háà, Bàbá Fẹ́mi, a ò rí i láti ọjọ́ Àìkú o. Túndé náà ní ọ̀dọ̀ yín lòun ń lọ."

Ìpè yìí kò gba ìṣẹ́jú méjì, kò sí ọlọ́pàá tó lè ṣe é fún yín.

Wákàtí tó léwu jù kì í ṣe òru. Aago méjì ni iléèwé ń jáde, aago mẹ́jọ ni ìyá ń ti ìsọ̀. Láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, ọmọ kò lẹ́nìkan. Ẹgbẹ́ tó lè dá owó ògiri lè bẹ ọ̀gá iléèwé pé kí pápá wà ní ṣíṣí títí di aago mẹ́fà, kí òbí méjì méjì máa gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ṣe, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Bọ́ọ̀lù kan, tábìlì tẹ́níìsì kan. Mo rò pé ó sàn ju ẹnubodè aláràbarà lọ.

Ọjọ́ ìparí ìdánwò WAEC ńkọ́, tí àwọn ọmọ máa ń kọ nǹkan sára aṣọ funfun ara wọn? Gbogbo wa mọ̀ pé lẹ́yìn ìkọ̀wé náà, àwọn kan ń lọ sí ilé ìtura, wọ́n ti dá owó sílẹ̀. Kí òbí SS3 jókòó lóṣù kan ṣáájú, kí wọ́n ṣètò fàájì náà fúnra wọn nínú ọgbà, kí wọ́n sì jọ pinnu pé kò sí ọmọ tó ń lọ sí èyí tó kù. Gbogbo wọn, kì í ṣe ìyá kan.

Àwọn oníkẹ́míìsì tó yí iléèwé ká, ẹ má lọ bá wọn jà. Ẹ lọ kí wọn, ẹ̀yin márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ sọ fún wọn pé òbí ń ṣọ́ ẹni tó ń ta oògùn fún ọmọ tó wọ aṣọ iléèwé. Ọmọ tiwọn náà wà nínú iléèwé. Ẹni tí kò bá gbọ́, NDLEA ló ni í. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ló tọ́ sí ẹni tó bá fa ọmọ wọnú oògùn olóró. Iṣẹ́ ìjọba ni láti mú un. Ẹ má gbé kóńdó.

Ẹ gbà mí láyè kí n bú wa díẹ̀. Bàbá tó ń rán ọmọ lọ ra ọtí oníọ̀rá, tó ní kó bá òun já a, kò ní ẹnu tó máa fi sọ̀rọ̀ oògùn fún un.

Ohun mìíràn tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni fífi àwòrán ọmọ tí wọ́n mú sórí WhatsApp. Ojú ọmọ náà á wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tó máa wá iṣẹ́, ìyá rẹ̀ kò sì ní wá sípàdé mọ́ láéláé. Bí ẹ bá gbọ́ nípa ọmọ ẹlòmíràn, ẹ lọ bá òbí rẹ̀ nílé, ẹ̀yin méjì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí, láìfi ohun tí ẹ gbọ́ kún un. Òbí náà lè bínú. Àmọ́ bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò tètè wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Bí ó bá wá kan ọmọ tiyín, ẹ má fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní Òjóò, nílùú Ìbàdàn yìí, ọlọ́pàá kó 259 ènìyàn jáde kúrò nínú ilé kan tí wọ́n ní àwọn ń tún ìwà ènìyàn ṣe. Àwọn mìíràn nínú wọn wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Ẹbí wọn ló mú wọn lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú èrò rere. Bí àdúrà lẹ bá fẹ́ fún ọmọ, kò burú. Ṣẹ́ẹ̀nì ni mo ń bá wí.

Ó dùn mí pé a ń ṣe èyí nílé tiwa, torí ọmọ Abẹ́òkúta kan ló kọ́ ayé ní ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ní ilé ìwòsàn Arò l'Abẹ́òkúta, fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé, ó sì ní kí ará ilé aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá bá a gbé, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ẹni tí a yọ kúrò láàárín ènìyàn kò rọrùn láti wò sàn. Ilé ìwòsàn Arò ṣì wà, ó sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú sí lára. Ti Yábàá náà wà l'Ékòó. Bí ọmọ bá ń gba ìtọ́jú, kí iléèwé fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é, kí ẹgbẹ́ òbí sì bá ìyá rẹ̀ san owó ọkọ̀ bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà nínú agbára wa.

NDLEA ní ìlà fóònù ọ̀fẹ́ tí òbí tàbí ọmọ lè pè nígbàkígbà láti bá olùgbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé yín, tí ẹ jókòó síbí tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dìde: 0800 1020 3040. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún òbí kan ṣoṣo nínú kíláàsì ọmọ yín.